Àkísà Pupa Etí Ìkòkò

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí n kì í lá àlá, tàbí tí n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà pé mo lá a. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nílẹ̀ kí n tó sùn.

Àlàájà Múníràtù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Tíì nìkan ni wọ́n mu kí wọ́n tó wọlé sùn. Ẹ̀fọ́ tí mo sè dè wọ́n wà lórí sítóòfù títí di òwúrọ̀. Ìkòkò méjì ni mo ní, ìbejì ni wọ́n bí ẹ bá wò wọ́n. Àlàájà fúnra wọn ló ra ọ̀kan wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn létí, wọ́n ní, "Ìyàwó, èyí ni kí o máa fi dáná fún mi. Ẹ máa fi èkejì se ẹlẹ́dẹ̀ yín, n kò bá yín jà." Láti ìgbà náà, n kò ṣi ìkòkò gbé rí. Mo máa ń fi èyí yangàn níwájú àwọn ìyàwó ilé yòókù.

Nínú àlá náà, mo wà ní ilé ìdáná, ìró mi gún régé. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin tí mo rà lọ́jà kan ilẹ̀kùn, wọ́n wọlé, wọ́n sì tò bí ọmọ ilé ìwé. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn kò nu ara wọn kí wọ́n tó gun orí ilẹ̀ táìlì mi.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí. "Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ̀ wá í sè tó yín ní àdúgbò yìí."

"Ẹni tó sọ fún yín kò parọ́," ni mo dá a lóhùn.

Mo yan wọ́n lórí iná gáàsì kí irun wọn lè jó, mo fi abẹ fá èyí tó kù sáàárín ọmọ ìka wọn, mo sì fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n. Èyí tó kéré jù kò yé rẹ́rìn-ín, ó ní abẹ náà tutù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹran bíi tiwọn kò wọ́n, pé àwọn tó fẹ́ràn àṣehàn kì í yà sí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní sùúrù yóò sọ ọ́ di oúnjẹ àpọ́nlé. A ó bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó da omi àkọ́kọ́ nù. A ó wá fi àlùbọ́sà, ata rodo, táìmù àti iyọ̀ sí i, a ó sì fi iná díẹ̀díẹ̀ sè é títí egungun yóò fi fẹ́ yọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. N kò béèrè ohun tí wọ́n fi ń kọ ọ́.

"Ìkòkò wo ni ká wọ̀, mà?" ni èyí àgbà béèrè.

Mo yíjú sí àwọn ìkòkò. Kò sí àkísà létí ọ̀kankan. Àwọn méjèèjì ń dán, wọ́n ń wò mí.

"Èwo nínú yín ni ti Àlàájà?"

"Èmi ni," ni ọ̀kan wí.

"Irọ́ ló ń pa, èmi ni!" ni èkejì ké. "Ta ni kò ní fẹ́ jẹ́ ti Àlàájà? Àwọn nìkan ló máa ń kí wa pé ẹ kú iná. Ẹ̀yin, Dókítà, kànìnkànìn onírin lẹ mọ̀, ẹ óò ha wá lẹ́yìn bí ẹni ń gbẹ̀san."

Ooru bá bo gbogbo ilé ìdáná. Bí ooru náà ṣe ń gòkè ni ilé ìdáná ń bá a lọ. Nígbà tí yóò fi dúró, ó ti di ọ́fíìsì ìjọba, ó léfòó lókè òrùlé wa, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé: IBI ÌDÁNIMỌ̀ ÌKÒKÒ. Kẹ́tùlù wa ni akọ̀wé ibẹ̀. Ó wọ táì.

Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin sanra kan tó gba ìkíni mi tìfẹ́tìfẹ́, ní kí n jókòó. Kí ìdí mi tó kan àga, ó ti di òbúkọ. N kò jẹ́ kó hàn lójú mi pé mo rí i. Mo ti lọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́fíìsì láyé mi.

"Ìwé yín dà, mà?"

Mo na ìwé ẹ̀rí oyè ọ̀mọ̀wé mi sí i. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán, àti òǹtẹ̀ yunifásítì.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ló wí. "Ta ló tú àkísà etí ìkòkò?"

"Ó já fúnra rẹ̀ ni."

Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan bí igi, ọ́fíìsì náà sì tún gòkè sí i. Mo ń wo páànù ilé aládùúgbò wa nísàlẹ̀; ó yẹ kí wọ́n tún un kàn.

"Mo ní ta ló tú u?"

"Ọkọ mi ni." Ọkọ mi kò tíì gbọ́ apá ibí yìí, ẹ má sọ fún un.

Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan tábìlì, ó dún bí òòlù. Kẹ́tùlù húkọ́.

"Ọ̀gá," ló wí, "èmi kò mọ ọ̀rọ̀ ẹran. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé wọn, omi nìkan ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wà lórí sítóòfù lánàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni Àlàájà gba ojú fèrèsé wọlé, àga tí wọ́n jókòó lé ń fò, ṣíbí sì wà lọ́wọ́ wọn. "Ìyàwó, ebi ń pa mí o! Èwo ni ìkòkò mi?"

Òbúkọ wò mí. Ìkòkò méjèèjì wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti gba oyè, n kò tíì sọ gbólóhùn náà létí ẹnikẹ́ni.

"N kò mọ̀," ni mo wí.

Lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, egungun ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "A dúpẹ́, mà," ni wọ́n wí, "ó ti ń sú wa." Ọ́fíìsì náà rọra balẹ̀ sínú síǹkì, mo sì jí.

Oòrùn ti yọ. Ọkọ mi ti dìde ṣáájú mi. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí fíríìjì. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ọ̀rá wọn, wọ́n tutù, wọn kò sọ̀rọ̀. Àkísà pupa ni mo fi di ẹnu ọ̀rá náà.

Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lọ́kàn. Lọ́sàn-án àná, mo fọ ìkòkò méjèèjì pa pọ̀, mo tú àkísà kó má baà rin, mo sì fi di ọ̀rá ẹran nítorí pé òun ló wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìkòkò kan tìgboyàtìgboyà, mo fi se ẹ̀fọ́ Àlàájà.

Mo gbọ́ ohùn wọn láti yàrá oúnjẹ: "Bìsìmílàhì."

Èmi tí n kì í sáré, mo sáré. Ọkọ mi ti mú ẹ̀fọ́ náà gbóná, ó ti bù ú fún wọn, wọ́n ti tú ẹ̀kọ kan, òkèlè ti dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n.

"Ẹ dákun, Àlàájà, ẹ má jẹ ẹ́!"

"Kí ló dé, ìyàwó? Ṣé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni?"

Mo lè sọ pé iyọ̀ ló pọ̀ jù. Wọn ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo sọ ti àkísà, mo sì rọ́ àlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àyàfi ibi tí mo ti dárúkọ ọkọ mi. "Ó lè jẹ́ ìkòkò yín ni mo fi sè é," ni mo wí. "Ó sì lè jẹ́ èkejì. N kò mọ̀, mà."

Wọ́n fi òkèlè sílẹ̀, wọ́n fọ ọwọ́ wọn.

"Òbúkọ yẹn," ni wọ́n wí, "ó jẹ ìwé Dókítà rẹ tán?"

"Ó jẹ ẹ́ tán, mà."

"Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi bọ́ sílẹ̀. "A ó jọ lọ ra ìkòkò mìíràn lọ́sàn-án. Bu ẹ̀fọ́ yẹn fún ọkọ rẹ. Kó ẹyin mẹ́rin sínú kẹ́tùlù, kí o gbé e kaná fún mi. Omi nìkan ló mọ̀."

Mo gbé kẹ́tùlù kaná. Nígbà tó hó, ó fọn fèrè rẹ̀. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wò mí, mo sì rọra wí fún un pé, "Ẹ kú iná o."