Bàbá Wáyà Ń Gbọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó bọ́ sínú ilé, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ kó gbé àwo rẹ̀ wá síbí. Ikùn a máa yó, àmọ́ etí kì í yó. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo mú wá, tó jókòó nínú yàrá ara rẹ̀, tó ń gbọ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ dárò òun, tí kò sì rí ẹnu fi sọ pé òun ò tíì kú.

“Wáyà, Wáyà, Káfíńtà ló ń pè ọ́. Bí o bá ń gbọ́ mi, dáhùn.”

Ohùn náà jáde látinú rédíò dúdú kan tó wà lórí tábìlì ìránṣọ. Ó mọ́ gaara, bí ẹni pé abẹ́ tábìlì ni Káfíńtà jókòó sí. Bàbá Wáyà gbọ́ ọ. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde kò ju “hùn-ùn” lọ.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Télọ̀, ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbá maìkì mú bí ẹni mú adìyẹ tó fẹ́ sá lọ, ó sì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ó ń gbọ́ o, Káfíńtà. Ìyàwó rẹ̀ nìyí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó fara ti ìrọ̀rí. Ó ń gbọ́ gbogbo yín.”

Ó jáwọ́ lára bọ́tìnnì. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ rédíò bí ẹni ń wo ìkòkò tí omi rẹ̀ kò tíì hó.

“Kò dáhùn,” ni Káfíńtà wí.

“Ó ti di Sátidé mẹ́fà,” ni ohùn mìíràn wí, ohùn àgbà tó ń rọra ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ka ìwé. Tíṣà nìyẹn, òun ló máa ń pe orúkọ. “Káfíńtà, mo mọ bó ṣe rí lára rẹ. Àmọ́ gbogbo wa la jọ ṣe òfin.”

“Ẹ fi tirẹ̀ sí ìparí, Tíṣà. Ẹ pe àwọn yòókù ná.”

“Ó dáa. Mo fi sí ìparí.”

Bàbá Wáyà di ojú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ okùn tẹlifóònù, tó ń gun òpó kiri bí ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ṣe ìdánwò, ìjọba fún un ní nọ́ńbà, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ nítorí ìfẹ́ rédíò. Wọn ò mọ ojú ara wọn. Iṣẹ́ tí oníkálùkù ṣe ni wọ́n fi ń pè é. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, Tíṣà á ṣí ìwé, á pe orúkọ, oníkálùkù á dáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́ Sátidé mẹ́fà léraléra, wọ́n á kà á sí òkú. Gbogbo wọn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, Tíṣà á sì fa igi lé orúkọ ẹni náà.

Sátidé àkọ́kọ́ àti èkejì, ilé ìwòsàn ni Bàbá Wáyà wà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gbé e ṣubú lórí ike omi lẹ́yìnkùlé. Rédíò àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fọ́ yángá, fóònù tí nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sì mu omi yó. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ pé sínú orí rẹ̀, kò sí èyí tó sọnù, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun ti dí. Ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ohun tó kọ dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí eruku. Bí wọ́n bá sì kọ nọ́ńbà síwájú rẹ̀, eèrà ló ń rí.

Ìyá Télọ̀ ló ra rédíò dúdú yìí fún un, tòkunbọ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin oníkùn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Onírédíò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tan án ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ wọn.

Ohun tó sì ń jẹ Bàbá Wáyà lọ́kàn jù nìyí: ó mọ ohun tó ṣe rédíò náà. Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀ ọ́n.

Rédíò kéékèèké bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti dé ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ kan wà lórí òkè tó ń gba ohùn wọn, tó sì ń jù ú síwájú fún ẹni tó jìnnà. Nígbà kan, ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń ṣeré ń já wọ ibẹ̀, wọ́n ń fi orin dí àwọn àgbà lọ́wọ́. Wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kíkùn ni kọ́kọ́rọ́ náà. Bí èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀, rédíò rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí oyin inú ògiri. Ẹ̀rọ òkè nìkan ló ń gbọ́ ọ. Rédíò tí kò bá kùn, ẹ̀rọ á ṣe bí ẹni pé kò sí i láyé. Àmọ́ gbígbọ́ kò gba kọ́kọ́rọ́ rárá.

Ta ló sì dá a lábàá pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn? Bàbá Wáyà fúnra rẹ̀ ni. Òun ló tò ó, òun ló tẹ́tí sí kíkùn náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń tò ó, ó sì mọ̀ ọ́n bí abiyamọ ṣe mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn tán, ó wá bá ara rẹ̀ níta.

Ilẹ̀kùn yàrá dún. Onírédíò ló wọlé, okùn kan ká lọ́rùn rẹ̀ bí ejò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Bàbá, mo kí yín o. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Okùn áńtẹ́nà ni.”

Ìyá Télọ̀ fi ọwọ́ sí ìbàdí.

“Onírédíò, ọmọ mi, jókòó ná. Lọ́jọ́ tó o ta bátìrì fún mi, o ní bátìrì ni. Lọ́jọ́ tó o ta maìkì fún mi, o ní maìkì ni. Òpó tó o rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, aṣọ ni mò ń sá sórí rẹ̀ báyìí. Ó ku kó o ní òrùlé mi ni kò dáa, kó o ta páànù fún mi.”

“Màmá, ẹ má bínú. Rédíò tí àwọn onítakisí ń lò ni mo mọ̀ dunjú. Ti àwọn bàbá yìí ní àrà tirẹ̀.”

“Àrà tirẹ̀ ló ń pa wá lọ yìí. Wọ́n ti fẹ́ dákẹ́ fún un. Kí o tó gun òrùlé kí o tó sọ̀, wọ́n á ti sin ín tán.”

Nínú rédíò, Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. “Awakọ̀.” “Mo wà níbí.” “Nọ́ọ̀sì.” “Mo wà níbí, ẹ káàárọ̀ gbogbo yín.”

Onírédíò kò gun òrùlé. Ó tú okùn àtijọ́ lẹ́yìn rédíò, ó so tuntun mọ́ ọn, ó na orí kejì gba ojú fèrèsé. “Ẹ sọ̀rọ̀, Màmá.”

Ìyá Télọ̀ tẹ bọ́tìnnì maìkì, ó pè wọ́n. Bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni Bàbá Wáyà bẹ̀rẹ̀: “Hùùùùn.”

Gbogbo ohun tó kù fún un ni. Láti Sátidé mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ń fi han ìyàwó rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ rò pé inú ló ń run ún, ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn títí awọ rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà kejì, ó pe aládùúgbò wá gbàdúrà sí i lórí. Sátidé tó kọjá, ó ní, “Àṣé orin lẹ fẹ́,” ó bá gbé orin, ó ń jó yí àga rẹ̀ ká:

Ọkọ mi ń gbọ́, ẹnu ló dákẹ́,
Ẹ má wọṣọ dúdú o;
Ọkọ mi ń gbọ́, ilé ló wà,
Ẹ tún un pè, kó gbọ́.

Orin náà dùn. Bàbá Wáyà fẹ́ràn rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, nítorí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń kọrin tó yìí, kò gbọ́ ohun tí òun ń sọ.

“Wọn ò gbọ́,” ni Onírédíò wí. Ó nu òógùn. “Bàbá náà sì ń kọrin.”

“Orin kọ́,” ni Ìyá Télọ̀ wí.

“Kí wá ni?”

“Orin a máa lọ sókè, a máa bọ̀ nísàlẹ̀. Èyí dúró lójú kan.” Obìnrin tó ti ń kọrin láti kékeré ni, orin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wo maìkì ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. “Dúró ná.”

Ó tẹ bọ́tìnnì. “Hùùùùn,” ni Bàbá Wáyà wí. Ó jáwọ́. Bàbá Wáyà dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Bàbá Wáyà tún bẹ̀rẹ̀.

“Onírédíò, ohùn kan náà ni o. Lánàá mo gbé maìkì láti nu eruku, mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ohùn yìí gan-an ló mú wá. Kò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Onírédíò rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga.

“Bàbá, ṣé rédíò ló yẹ kó máa kùn bẹ́ẹ̀?”

Bàbá Wáyà fi ọwọ́ òsì gbá apá àga, gbà, gbà, gbà, títí ife omi fi ṣubú.

“Kíkùn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀,” ni Onírédíò wí fún ara rẹ̀. “Wọ́n ti ẹ̀rọ òkè pa, èmi sì ń ta okùn kiri.” Ó fa rédíò mọ́ra, ó ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí ó fi rí ibi tó ń wá. Ojú rẹ̀ tún fà ro. “Màmá, kíkùn tó wà nínú rẹ̀ lé ní ogójì. Èwo ni? Bàbá, nọ́ńbà wo ni?”

Bàbá Wáyà wo ojú rédíò. Eèrà. Ó mi orí, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, Tíṣà á ti parí ìwé.

“Alágbẹ̀dẹ,” ni Tíṣà wí. “Mo wà níbí.” Orúkọ mẹ́ta ló kù.

“Ṣé kò sí bí o ṣe lè jẹ́ kí n gbọ́ àwọn kíkùn náà?” ni Ìyá Télọ̀ bi í.

Onírédíò wò ó. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó so ó mọ́ sípíkà kékeré kan tó fi ń yẹ ọjà wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ nọ́ńbà kan sínú fóònù, sípíkà sì kùn.

“Bàbá wọn, ẹ dákun, ẹ mú ohùn yẹn wá,” ni Ìyá Télọ̀ wí. Bàbá Wáyà gbé e. Ìyá Télọ̀ di ojú, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Tìrẹ rẹlẹ̀ jù, Onírédíò. Gòkè. Gòkè sí i. O ti kọjá rẹ̀, padà. Díẹ̀ sí i. Ó ku bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ yẹn. Má kúrò níbẹ̀.”

Ohùn sípíkà àti ohùn Bàbá Wáyà wọnú ara wọn, ẹnì kan kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ mọ́.

“Káfíńtà,” ni Tíṣà wí.

“Mo wà níbí.”

“Ó ku Wáyà. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún un.”

Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Bàbá Wáyà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Òun náà ti bá wọn dákẹ́ báyìí rí fún ẹlòmíràn, kò sì mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń dákẹ́ fún. Onírédíò wo nọ́ńbà tó wà lójú fóònù. Ó to kíkùn náà sínú rédíò, ó nawọ́ maìkì sí Ìyá Télọ̀.

“Ẹ má dákẹ́ fún un mọ́,” ni Ìyá Télọ̀ wí. “Kò kú.”

Ó jáwọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn ń gun orí ohùn, kò sí èyí tó yé èèyàn, títí Tíṣà fi pàṣẹ pé kí gbogbo wọn pa ẹnu mọ́.

“Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Èmi ìyàwó rẹ̀ ni. Àìsàn dá a mọ́lẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ kú, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó ti ń gbọ́ yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ dúró.” Ó gbé maìkì sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Bàbá Wáyà kó gbogbo ọ̀rọ̀ Sátidé mẹ́fà jọ. “Hùn-ùn,” ló wí.

“Òun ni,” ni Káfíńtà wí. “Bó ṣe máa ń hùn nìyẹn kó tó já mi ní koro. Wáyà, ṣé o rí i, èmi ò gbà pé o kú. O ò jẹ́ kú láìkọ́kọ́ bá mi jà.”

“Mo ti kọ ọ́,” ni Tíṣà wí. “Wáyà wà níbí. Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, òfin kò gbà kí ẹni tí kò ní nọ́ńbà máa dá sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí bàbá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kò burú. Tí ẹ bá fẹ́ máa sọ̀rọ̀ fúnra yín, ẹ máa ṣe ìdánwò.”

“Kí ni wọ́n ń bi èèyàn níbẹ̀?”

“Nípa iná, nípa ohùn, nípa òfin. Ìwé rẹ̀ nípọn díẹ̀.”

Onírédíò kọjú sí ògiri kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ìyá Télọ̀ wo ọkọ rẹ̀, ó wo ìdajì ojú rẹ̀ tí kò mì mọ́ àti ìdajì tó ń tàn.

“Ìwé mi kò lọ títí, Tíṣà. Ìwé kẹta ni mo dé tí bàbá mi fi fún mi ní abẹ́rẹ́. Ọjọ́ wo ni ìdánwò náà?”

“Ó ku oṣù mẹ́ta.”

“Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀.”

Bàbá Wáyà fẹ́ sọ fún un pé ìdánwò náà le, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun fúnra òun fìdí rẹmi kí òun tó yege. Kò rí i sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ìyá Télọ̀ gbé ìrẹsì àti ẹja kalẹ̀. Onírédíò jẹ àwo méjì, ó ní òun ò jẹ ẹ̀kẹta, ó sì jẹ ẹ́. Bàbá Wáyà fi ọwọ́ òsì jẹun fúnra rẹ̀, ìdajì bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a wí. Nígbà tí àlejò lọ tán, Ìyá Télọ̀ kó aṣọ oníbàárà kúrò lórí tábìlì, ó wá ìwé ìdánwò ọkọ rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó fa àga mọ́ tirẹ̀, ó sì fi ìka sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ dìde wàyí, ẹ gbọn ìrẹsì kúrò láṣọ yín. Gbogbo wa ti yó. Ilé yá.