Kámẹ́rà Nílé Ọ̀fọ̀

Ìgbà kẹta rèé tí ọmọ náà máa bu ẹyin kan náà jẹ, tí ó máa rẹ́rìn-ín, tí ó sì máa tu ú sínú bébà ìnuwọ́ lábẹ́ tábìlì. Ẹyin ọ̀hún ti tutù. Òróró ti dì sí i létí bí àbẹ́là.

“Ó ku díẹ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. “Mo fẹ́ kí oòrùn bà lé ọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, Ọ̀gá Kékeré.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ọ̀gá Kékeré. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ìkángun tábìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó ń wo bébà tó ti kún fún ẹyin tí wọ́n jẹ tu, itọ́ ẹnu tirẹ̀ náà sì korò. Oṣù kẹwàá rèé tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé wọn, tí wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n, láti ìlú dé ìlú, tí ọkọ rẹ̀ ń ya gbogbo rẹ̀ sí fídíò fún àwọn tó ń wò wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òǹwòran ló sọ ọ́ ní Alárìnká. Òun ló ń yà á. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gé e, tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tó ń fi orin sí i lábẹ́. Bí òun náà ṣe di Olótùú nìyẹn. Orúkọ yẹn ni ọkọ rẹ̀ fi ń pè é báyìí, kódà nígbà tó bá ku àwọn méjèèjì nìkan.

Olú ìlú tí wọ́n wà yìí ni wọ́n ti pẹ́ jù. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò níbẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alárìnká ní físà orílẹ̀-èdè tó kàn ni kò tíì jáde, pé ńṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kì í tíì kúrò lẹ́nu Olótùú tí ọkọ rẹ̀ fi máa ń na àwòrán ilẹ̀ mìíràn síwájú rẹ̀.

Òkè ilé obìnrin kan tó ń rán aṣọ ọmọ ilé ìwé ni wọ́n háyà. Ìsàlẹ̀ ni aránṣọ náà ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, àmọ́ tí ìka rẹ̀ ṣì yá. Láràárọ̀ ni màmá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí á máa fọwọ́ wá òwú tí ọmọ rẹ̀ fi so aṣọ pọ̀ kó tó fi máṣíìnì rán an, tí á sì máa fà á yọ. Láti ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni Ọ̀gá Kékeré ti fìdí kalẹ̀ tì í. Àwọn méjèèjì a máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni màmá ò ti lè dìde mọ́, nọ́ọ̀sì kan ló sì ń wá wò ó lálaalẹ́.

Ẹyin ṣì wà lẹ́nu ọmọ nígbà tí igbe kan ta nísàlẹ̀. Igbe kan péré. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé dákẹ́ wẹ́lo, bí ẹni pé ẹni tó ké náà ń retí kí wọ́n ní irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ní láti là á yé Olótùú. Màmá ti lọ.

Ohun tó rí, tí ojú rẹ̀ kò sì lè kúrò níbẹ̀, ni pé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti kan kámẹ́rà kékeré kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí bàtà.

“Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn kẹ́dùn,” ni Alárìnká wí. Ó ti gbé ojú ọ̀fọ̀ wọ̀, bí ẹni dé fìlà.

Òórùn òróró máṣíìnì àti ìpara arúgbó ló gba yàrá ìsàlẹ̀. Aṣọ ilé ìwé kún orí àga, apá aṣọ lọ́tọ̀, ọrùn aṣọ lọ́tọ̀. Màmá wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti fa aṣọ bò ó dé àgbọ̀n. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, okùn tí ó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì ṣì wà láyà bùláòsì rẹ̀. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì ti dé, pẹ̀lú obìnrin méjì ará àdúgbò. Káfíńtà rí kámẹ́rà tí Alárìnká gbé sí ìdodo, ó rí iná pupa tó ń tàn lára rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Alárìnká ń kí wọn kú ìrọ́jú. Ohùn tó fi ń kí wọn jinlẹ̀ ju ohùn tó ń fi sọ̀rọ̀ nílé lọ. Olótùú mọ ohùn náà dáadáa, òun ló máa ń gbé e sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Òun náà kí aránṣọ. Ìgbà náà ni Ọ̀gá Kékeré kọjá lára rẹ̀, tó kúnlẹ̀ síwájú obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ó rọra wí, “ẹ sún sọ́wọ́ fèrèsé díẹ̀. Ojú yín ṣókùnkùn.”

Aránṣọ gbójú sókè. Ó hàn pé kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà, bóyá nítorí pé àlejò ni wọ́n, bóyá nítorí pé ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í ní agbára àtijiyàn, ó fọwọ́ tẹlẹ̀, ó gbé ìdí, ó sún. Ó sún lẹ́ẹ̀kan, ó tún sún lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi bọ́ sínú oòrùn.

“Ibẹ̀ dáa,” ni ọmọ náà wí.

Olótùú kúrò níbi tó dúró sí. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó fà á jáde, ó fi í jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà béèrè ohun tí òun ṣe. Olótùú kẹ̀yìn sí i. Ó gòkè lọ. Bébà ẹyin ṣì wà lábẹ́ tábìlì, ó ti rin gbingbin, eṣinṣin méjì ti bà lé e. Kò tíì dé ilé ìwẹ̀ tí èébì fi gbé e.

Ó ń fọ ojú lọ́wọ́ nígbà tí Alárìnká sáré gòkè wá pààrọ̀ bátìrì. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ń dán. Ó yọ káàdì tí fídíò wà lórí rẹ̀ nínú kámẹ́rà, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó fi èyí tó yọ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, káàdì náà gbóná bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kúrò lábíyá. Ó ní kí ó má fi orin tó pọ̀ sí i, kí ó sì jẹ́ kó parí kílẹ̀ tó ṣú. Ó ní ọmọ àwọn ní làákàyè, ṣé ó rí i bí ó ṣe mọ ohun tí àwòrán náà ń fẹ́? Kí Olótùú tó lanu, ó ti padà sísàlẹ̀.

Olótùú lọ sídìí báàgì ọkọ rẹ̀ láti mú ohun tí wọ́n fi ń ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Wáyà ni ọwọ́ rẹ̀ ń wá. Ìwé ìrìnnà ló bà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, rọ́bà ló dì wọ́n pọ̀. Ó ṣí tirẹ̀. Físà wà níbẹ̀ gbọọrọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ka ọjọ́ náà, ó tún un kà. Ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn ni. Ó ṣí ti ọmọ, bákan náà ni.

Kò fẹ́ pariwo nílé ọ̀fọ̀. Ó sọ̀ dé àárín àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ pe ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e gòkè. Nígbà tí Alárìnká rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò purọ́. Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún un pé màmá ò ní lò ju oṣù yẹn lọ. Ó wá rò ó pé kò sí ìdílé arìnrìn-àjò kankan tó tíì fi han ayé bí wọ́n ṣe ń dágbére fún àgbàlagbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ọ̀wọ̀ ni fún màmá. Ó ní bí òun bá sọ fún Olótùú, ojú rẹ̀ ò ní lè pa á mọ́.

“Ṣé ò ń dúró kí ó kú ni?”

“Èmi kọ́ ni mo pa á.”

Olótùú wò ó. Igún náà kì í pa ẹnikẹ́ni, ló rò nínú ara rẹ̀; ó kàn máa ń mọ ilé tí olókùnrùn wà. Ó wo ọwọ́ tó ti fi ń gbá òun mọ́ra fún ọdún mọ́kànlá, ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

“Ò ń rí mi lára,” ó wí. “O ti wá sọ ọmọ mi dà bí o ṣe dà.”

Alárìnká kò bínú. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

“Èmi?” ó wí. “Nígbà tí ó ṣubú nílùú tí a ti ń bọ̀, tí orúnkún rẹ̀ bó, ta ló ní kó má tíì nu ẹ̀jẹ̀ yẹn?”

Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó sì padà sísàlẹ̀.

Olótùú ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà láti pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Ìka kan péré ló gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan fún oṣù mẹ́wàá ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣí i.

Yàrá ìsàlẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà. Aránṣọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bà lé e lójú. Obìnrin kan wọlé, òjìji rẹ̀ sì bo aránṣọ mọ́lẹ̀. Obìnrin náà ju ojú sí kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, fìrí, bí alángbá. Ó yẹsẹ̀ kan sí òsì kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó fọwọ́ lé àyà, tó tẹrí ba, tó ń kẹ́dùn. Ó ṣe díẹ̀ kí Olótùú tó dá ìró tó wà nídìí obìnrin náà mọ̀. Tirẹ̀ ni.

Kò rántí pé òun yẹsẹ̀. Ó dá fídíò náà padà, ó tún un wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ó rí ojú ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń wò. Ó rí i bí ó ṣe yẹ̀, ó wo aránṣọ, ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà kò tíì tó. Ìgbà náà ló kúnlẹ̀, tó lanu.

Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ ló ń dà. Ọkọ rẹ̀ ni Olótùú ti máa ń pe ní ọṣẹ.

Ó pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú, ó tẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ kò fúyẹ́. Ó kó aṣọ tirẹ̀ àti ti ọmọ sínú báàgì kan, ó ki ìwé ìrìnnà méjì bọ àyà, ó fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ lórí tábìlì.

Nígbà tó wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú aránṣọ. Ó ní kí wọ́n dárí ji àwọn. Obìnrin náà ṣì wà nínú oòrùn níbi tí wọ́n ní kó sún sí. Omijé ti gbẹ sí i lójú, ó ń ṣẹ́jú nítorí ìmọ́lẹ̀.

“Ṣé ibi tí mo wà yìí dáa?” ó béèrè.

Káfíńtà ló dìde. Ó di Alárìnká mú lápá, jẹ́jẹ́, ó sì sìn ín jáde bí wọ́n ṣe ń sin àlejò. Àwọn obìnrin méjèèjì gbé aránṣọ dìde, wọ́n mú un lọ sídìí ìyá rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fa aṣọ fèrèsé. Kò sẹ́ni tó bá Olótùú wí. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Ọ̀gá Kékeré ṣì wà lórí àtẹ̀gùn. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ó béèrè bóyá àánú màmá ò ṣe é ni.

“Ó ṣe mí.” Ọmọ náà fi bàtà ha ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń retí àmì. “Ṣé kí n sunkún báyìí, Mọ́mì?”

Olótùú rò ó wò. Bí òun bá ní kó sunkún, àṣẹ ni. Bí òun bá ní kó má sunkún, àṣẹ náà ni. Kódà bí òun bá bú sẹ́kún fúnra òun, ọmọ yìí á wo bí òun ṣe ń ṣe é.

Ó yí ojú sí ògiri, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà lè wà fún ìgbà díẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti máa wò ó.