Abẹ́rẹ́ Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀

Nọ́ọ̀sì Àrìnpé fi igi pẹlẹbẹ tẹ ahọ́n ọmọ náà mọ́lẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Ó rí wọn nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: àwọn àmì funfun wínníwínní, bí ìgbà tí èèyàn bá wọ́n iyọ̀ sórí ẹran pupa. Ojú ọmọ náà pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣàn, ooru ara rẹ̀ sì ti gba inú ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n jáde. Nǹkan kan kò tíì sú sí i lára, ṣùgbọ́n Àrìnpé mọ̀ pé kò ní ju ọ̀la tàbí ọ̀túnla lọ.

"Èéyi ni," ó wí.

Ìyá ọmọ náà, Sẹ̀kínátù, tó ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Bódìjà, kò bá a jiyàn. Ó kàn tú etí ìró rẹ̀, ó yọ káàdì kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, Shakirah. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi: ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1996. Àrìnpé ló fọwọ́ sí i.

"Ẹ̀yin náà lẹ fún un," Sẹ̀kínátù wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí òun ti ṣìnà.

Oṣù kẹta ni wọ́n wà. Ọdọọdún ni èéyi máa ń jà lásìkò yẹn ní Agbowó, nígbà tí ooru bá mú gan-an, nínú àwọn ilé tí yàrá ti ń kọjú síra wọn, tí ìdílé mẹ́jọ ń lo ilé ìdáná kan. Bí ọmọ kan bá wúkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé ti gbà á. Kì í ṣe tuntun sí Àrìnpé, tó ti lo ọdún mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn kékeré yìí. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá méjì mìíràn ti gbé ọmọ tó ní èéyi wá, tí wọ́n sì mú káàdì abẹ́rẹ́ dání. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ló sọ fún wọn: nínú ọmọ mẹ́wàá tó gba abẹ́rẹ́ náà, ó lè má ṣiṣẹ́ lára ẹnì kan. Òótọ́ ni. Shakirah ló wá di ẹ̀kẹta.

Ó fún Sẹ̀kínátù ní oògùn ibà àti èyí tí kò ní jẹ́ kí ojú ọmọ náà bàjẹ́. Ó sọ fún un pé kó máa fún un lọ́mú, kó máa fún un lómi, kó má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní kó máa fi oúnjẹ dù ú. Bí obìnrin náà ti jáde, ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó gbé ìwé orúkọ jáde. Ó wá àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ìwé kan náà ni wọ́n wà, ọjọ́ kan náà ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà nísàlẹ̀ ìlà kan tí òun fúnra rẹ̀ fi rúlà fà nígbà tó dìde lọ jẹun ọ̀sán.

Ó rántí Ọjọ́bọ̀ náà dáadáa. Ọjọ́ kẹta rèé tí NẸ́PÀ ti mú iná lọ, yìnyín inú kúlà kò sì ju díẹ̀ lọ. Kó tó di aago mẹ́jọ, àwọn ìyá ti kún ìloro. Bí ìyẹ̀fun gbígbẹ ni àjẹsára èéyi ṣe máa ń wà nínú ìgò. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni wọ́n máa ń fi omi pò ó, ìgò kan fún ọmọ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti pò ó, orí yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, fún wákàtí díẹ̀ péré, kí wọ́n sì da ìyókù nù. Kí iṣẹ́ lè yá, ìgò mẹ́rin ló pò lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Nígbà tó fi máa jẹun tán, yìnyín ti yọ́, omi tó kù nínú kúlà sì ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀. Ìgò méjì kò tíì tán. Ó wò wọ́n. Ó wo àwọn obìnrin tó jókòó sórí àga àti sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí àwọn mìíràn fẹsẹ̀ rìn wá láti Bárìkà. Ó fi aṣọ tútù wé àwọn ìgò náà, ó sì ń fún àwọn ọmọ lọ. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà nísàlẹ̀ ìlà náà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá yóò ṣiṣẹ́.

Ó gbé ìwé náà tọ ọ̀gá wọn, Alhaji Surajudeen, lọ ní yàrá kejì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Alhaji kì í ṣe èèyàn burúkú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí àwọn èèyàn àdúgbò ń sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin bímọ lọ́la, òun ló lọ láti mọ́ṣáláṣí dé ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì gbé ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wá kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lójú gbogbo ayé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Àrìnpé tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bi í pé bó bá lọ sọ fún àwọn ìyá pé abẹ́rẹ́ ọjọ́ kan bàjẹ́, ta ni yóò gbà pé ti àwọn ọjọ́ yòókù dára? Ó ní lóṣù tó ń bọ̀, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn sí ìloro yìí, èéyi yóò sì pa ju mọ́kàndínlógún lọ.

"Ẹ sọ fún wọn pé ìjọba ló ní ká tún un fún àwọn ọmọ," ó wí. "Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára."

Àrìnpé mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ó tọrọ àyè láti tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó lè lọ bá àwọn ìyá náà nílé. Alhaji kò sọ pé kó lọ, kò sì sọ pé kó má lọ. Ó kàn ní òun yóò rán ọkọ̀ sí Onírèké, níbi tí wọ́n ń kó àjẹsára pamọ́ sí, kí tuntun lè wà nílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, pẹ̀lú yìnyín tó pọ̀. Àrìnpé fi ìyẹn ṣe àṣẹ. Ó kó ìwé orúkọ sínú báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Nílé àkọ́kọ́, irọ́ Alhaji ló bọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó sọ ọ́. Ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó sì bu omi fún un nínú ife. Àrìnpé mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó sì sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Obìnrin náà gba ife rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, òótọ́ ló ń sọ. Obìnrin kan pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Òmíràn rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi lásán ni. Àwọn tó pọ̀ jù kàn bi í léèrè aago tó yẹ kí wọ́n dé lọ́la. Ní ilé kẹfà tàbí ìkeje ló ṣàkíyèsí pé "ẹ" lòun ń bá gbogbo wọn sọ. Nílé ìwòsàn, "ìwọ" ló máa ń pe àwọn ọmọ obìnrin wọ̀nyí, á ní kí wọ́n jókòó dáadáa, á ní kí wọ́n má pariwo. Kò sẹ́ni tó ní kó má pe òun ní "ẹ".

Ìdrís, mẹkáníìkì tí ọmọkùnrin rẹ̀ wà lára wọn, gbé sípánà sílẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ó fẹ́ mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń bàjẹ́. Àrìnpé ṣàlàyé fún un pé kòkòrò èéyi gan-an ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, kí ara ọmọ lè mọ̀ ọ́n kí gidi tó dé. Òtútù ló ń dá ẹ̀mí kòkòrò náà sí. Bí ooru bá pa á, ara ọmọ kò rí nǹkan kan kọ́.

Ìdrís ronú díẹ̀. "Ta ló gbàgbé yìnyín?"

"Ẹnikẹ́ni ò gbàgbé. Èmi ni. Mo mọ̀ pé ó ti yọ́, mo ṣì ń fún wọn."

Ọkùnrin náà fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ títí, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun yóò gbé ọmọ wá lọ́la, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò gún un lábẹ́rẹ́. Àrìnpé ní ó dáa.

Ilé tó kẹ́yìn wà lẹ́yìn ọjà pákó Bódìjà, níbi tí ìró ẹ̀rọ ìlagi kì í ti í dákẹ́. Orúkọ tó kẹ́yìn nínú ìwé ni: Àmínà, ọmọ oṣù mẹ́wàá. Kò nílò ìwé láti rántí ìyá rẹ̀, Kaosarah. Aago mẹ́rin ti kọjá ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́sí náà, ó ti ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ, nígbà tí obìnrin náà sáré wọlé, tó ń làágùn, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé iṣẹ́ ilé ló dá òun dúró. Àrìnpé ì bá ti sọ fún un pé kó padà wá lóṣù kejì. Àánú rẹ̀ ló ṣe é. Ó fa èyí tó kù nínú ìgò, ó fún ọmọ náà. Káàdì ti tán, ó sì ní kó padà wá gbà á.

Ìyá àgbàlagbà kan, ìyá ọkọ Kaosarah, jókòó sórí ẹní níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Àrìnpé kí i, ó sì béèrè Àmínà.

Ọwọ́ ìyá náà dúró nínú àwo. Ó ní Àmínà ti kú, ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Èéyi ni. Kaosarah ti jáde sí ẹnu ọ̀nà nígbà náà, ó fara ti ilẹ̀kùn, ìyá náà sì ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé kò rí i. Ó ní òun ti sọ fún Kaosarah kó tètè gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́, kò gbọ́. Ìgbà tí yóò dé ibẹ̀, wọ́n ti tilẹ̀kùn, ó wá padà sílé láìsí káàdì, ó ń parọ́ pé ọmọ ti gba abẹ́rẹ́.

Àtàárọ̀ ni Àrìnpé ti ń to ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó sì na ìka sí ìlà tó kẹ́yìn.

"Màmá, ó mú un wá. Orúkọ Àmínà rèé. Èmi ni mo fún un ní abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tèmi ni kò dára."

Ìyá àgbà náà kò mọ̀wé. Ó wo ibi tí ìka wà, ó wò ó pẹ́. Ẹ̀rọ ìlagi dún, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Kaosarah kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ síta.

"Ẹ tún un sọ, Nọ́ọ̀sì," ó wí. "Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Àrìnpé tún un sọ. Ó gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan tó ń sá aṣọ ní ilé kejì fi yíjú padà. Ó dé ibi tí ẹ̀bẹ̀ yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú Kaosarah, ó sì rí i pé kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀. Ó pa á mọ́ ẹnu.

Ìyá àgbà náà fa àwo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sún lórí ẹní, títí àyè fi ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀. Kaosarah wò ó, kò tètè lọ. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó síbẹ̀.

"Bàbá Àmínà máa dé láti Ìwó Road kó tó di aago márùn-ún," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ máa sọ ọ́ fún òun náà."

Aago mẹ́ta kò tíì lù. Àrìnpé gbá ìwé náà mọ́ àyà rẹ̀, ó wá pákó kan lẹ́bàá ògiri, ó jókòó.