Ẹ̀yìn Ta Lo Tò Sí?

Ọdún 1990 ni, nígbà tí àwọn sójà ní àwọn fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, tí wọ́n sì ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ká kọ́kọ́ dìbò yan alága káńsù àti àwọn kánsẹ́lọ̀. Ẹgbẹ́ méjì péré ló wà: ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́yẹ idì. Kò sí àpótí, kò sí ìtẹ̀ka. Ẹni tó o bá fẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàá tò sí ní gbangba, lójú oòrùn, lójú àna ẹ, lójú lánlọ́ọ̀dù ẹ. Wọn á wá máa kà yín bí ẹni ń ka iṣu.

Èmi Látífàt, irun ni mo ń dì nígbà yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé Àlájì Moshood Bọ́lárìnwá, ní Bàríga. Yàrá mẹ́rìndínlógún ni ilé náà, mẹ́jọ kọjú sí mẹ́jọ, balùwẹ̀ méjì lẹ́yìn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Àlájì, ọmọ Ìsẹ́yìn lèmi náà; ohun tó jẹ́ kí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Rélùwéè ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọn kì í pariwo, àmọ́ tí wọ́n bá ti wúkọ́ lásán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa la máa ń rẹ rédíò sílẹ̀.

Yàrá kẹfà ni Gbémisọ́lá Ikúmápàyí ń gbé, òun àti Àbáyọ̀mí ọkọ rẹ̀, àti Dọlápọ̀ ọmọ wọn. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti wá. Gbémisọ́lá ń di ìwé pọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Àbáyọ̀mí ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Igbóbì, níbi tí wọ́n ti ń fi sìmẹ́ńtì di ẹsẹ̀ àti apá tó kán. Ọkọ jẹ́jẹ́, ìyàwó bí iná. A kì í mọ̀ pé Àbáyọ̀mí ti wọlé àfi tá a bá rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Afárá ló gbé Gbémisọ́lá dé ìdí òṣèlú. Kánáálù kan wà láàárín àdúgbò wa àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, pákó méjì la sì fi ń sọdá rẹ̀. Òjò oṣù keje wọ́ pákó náà lọ. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ṣèpàdé, wọ́n kọ lẹ́tà sí káńsù, wọ́n tún ṣèpàdé. Gbémisọ́lá ní tirẹ̀ lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ ní Ṣómólú fún àwọn pákó tí wọ́n fi ń kó bébà wá láti Apápá. Ó kó ogún obìnrin jọ, ó wá káfíńtà kan mọ́ ọn. Láàárín Sátidé kan, afárá dúró, ó tiẹ̀ tún ní ibi tí èèyàn lè fọwọ́ dì mú. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Aláfárá. Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin wá ń wá ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ fún kánsẹ́lọ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti lọ bá a.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Àlájì ti gba fọ́ọ̀mù ẹlẹ́yẹ fún ipò kan náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Gbémisọ́lá ò mọ̀. Ìgbà tó fọwọ́ sí ìwé tán ni wọ́n tó sọ fún un.

Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí mo ti ń di ṣùkú fún oníbàárà.

"Látífàt, mo ti kó sí i! Àlájì ni mo ń bá du ipò!"

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi. "Àlájì wo?"

"Àlájì mélòó ló ni ilé tá à ń gbé?"

"Lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta."

"Ìwọ náà dìde, àjọlọ ni."

Àlájì jókòó síwájú yàrá wọn, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Gbémisọ́lá kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Dọlápọ̀, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, sà. Àwọn ẹlẹ́ṣin ló ní kí n wá ṣe kánsẹ́lọ̀. Mo ti gbà fún wọn. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti wà níbẹ̀, sà."

Àlájì pa ìwé ìròyìn dé. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, èmi ń wo ilẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ fi sílẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"Kí lo wá kúnlẹ̀ fún?"

"Kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni, sà."

Wọ́n ká ìwé ìròyìn náà sábẹ́ apá. Wọ́n wá ní, "Dìde. Kò sí kámpéènì nínú ilé yìí. Kò sí pósítà lára ògiri, kò sí orin ẹgbẹ́ ní balùwẹ̀. Tó o bá ti kọjá gọ́tà iwájú yẹn, sọ gbogbo ohun tó bá wù ẹ́. Èmi náà á máa sọ tèmi."

Bá a ṣe ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Láàárọ̀, Àlájì á wọ agbádá jáde, Sùrájù tó ń lẹ táyà níkorítá á ṣíwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbémisọ́lá á gba ọ̀nà kejì, òun àti àwọn obìnrin afárá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ojúlé tí Àlájì bá ti kúrò láàárọ̀, Gbémisọ́lá á dé ibẹ̀ tó bá di ọ̀sán. Ká tó mọ̀, gbogbo Bàríga ti ń sọ ọ́: "Ṣé ẹ ti gbọ́? Ayálégbé àti lánlọ́ọ̀dù!" Àwọn tí ò mọ orúkọ alága káńsù rí wá ń pariwo lórí ipò kánsẹ́lọ̀. Oníbàárà mi ń jiyàn títí wọ́n fi ń yí orí mọ́ mi lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn àwọn méjèèjì ti há.

"Ẹ kú àbọ̀, sà," ni Gbémisọ́lá wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò.

Àlájì tọwọ́ bàpò, wọ́n fún un ní orógbó méjì. "Èyí ni kó o máa jẹ. Súìtì tó ò ń lá yẹn ló ń ba ohùn ẹ jẹ́."

Ẹ ò rí i pé wọn kì í ṣe èèyàn búburú? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń ba àwa ayálégbé. Sùrájù ló dá a sílẹ̀. Ó ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, ó ń sọ pé, "Ẹni tó bá ń gbé lábẹ́ òrùlé ẹni, tó wá lọ tò sẹ́yìn ẹlòmíì, kó ti máa di ẹrù ẹ̀ o." A ò bi í pé ta ló rán an. A gbà pé Àlájì ni.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìbò, Àbáyọ̀mí yà sí ṣọ́ọ̀bù mi bó ṣe ń ti Igbóbì bọ̀. Ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Látífàt, tí wọ́n bá lé wa, níbo la fẹ́ kó sí?"

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀yìn Àlájì lẹ fẹ́ tò sí? Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ìyàwó mi á rí èèyàn tó pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tèmi ò lè pa á lára."

Ó yẹ kí n bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun témi náà ti pinnu láti ṣe nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù Àlájì ni mo fi ń jẹun.

Ọjọ́ ìbò pé. Sátidé ni, kò sí mọ́tò lójú títì, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí mólúè ti máa ń já èrò. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kún bí yídì. Àwọn kan wọ aṣọ Iléyá wọn, àwọn kan gbé àga àti agbòòrùn dání. Olùkọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Mísìsì Ògúntádé ni wọ́n fi ṣe olùkàbò. Ó kan àwòrán méjì mọ́ igi, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní òpin pápá, Àlájì dúró ti tiwọn, Gbémisọ́lá dúró ti tirẹ̀.

Agogo mọ́kànlá lù, Mísìsì Ògúntádé fun fèrè. Ariwo sọ! Àwọn èèyàn ń sáré bí ẹni pé ìlà náà fẹ́ tán. Ìyá arúgbó kan sọ bàtà nù, kò padà wá a. Ìlà méjèèjì gùn dé ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì ń kọrin fún ara wọn. Mo fa gèlè mi bojú, mo tò sẹ́yìn Àlájì. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé wa ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì. Níwájú mi, èèyàn mẹ́rin síbi tí mo wà, mo rí ọrùn Àbáyọ̀mí.

Gbémisọ́lá ń jó lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kò pariwo, kò nàka sí i. Ó kàn ń wò ó.

Sùrájù ti rí i. Ó fò sókè. "Ọkọ ẹ̀ rèé! Ẹ wá wò ó o! Ọkọ tó gbé e níyàwó gan-an ò dìbò fún un!"

Ẹ̀rín bú jáde ní ìlà tiwa. Ìlà tọ̀hún pa lọ́lọ́. Àbáyọ̀mí tẹrí mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ohun kan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlájì yíjú padà. Wọ́n kúrò nídìí àwòrán wọn, wọ́n ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, wọ́n dúró níwájú rẹ̀.

"Àbáyọ̀mí, ta ló ní kó o wá síbí?"

"Àlájì, ẹ̀yin lẹ ni ilé, sà."

"Ilé ni mo ni, mi ò ni ọ́. Ọkùnrin tí ò lè dúró lẹ́yìn ìyàwó ẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn mi náà ló máa ti sá lọ́la."

"Wọ́n ní ẹ máa lé wa ni, sà."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wa la wo Sùrájù. Sùrájù ń wo ojú ọ̀run. Àlájì wò ó, wọ́n sì gbóhùn sókè. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

"Ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi nítorí yàrá tàbí nítorí ṣọ́ọ̀bù, kó jáde! Mi ò lé ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ ìbò ìbẹ̀rù!"

Àbáyọ̀mí jáde. Ó kọ́kọ́ ń rìn. Nígbà tó dé àárín pápá, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré, àwọn obìnrin afárá sì hó yèè, wọ́n ń ju gèlè sókè.

Ojú Àlájì wá bọ́ sí mi lára. "Látífàt, ìwọ náà?"

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, sà…"

"Ọmọ Ìsẹ́yìn kì í parọ́ fún bàbá ẹ̀. Máa lọ."

Mo lọ. Èmi nìkan kọ́ o! Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, mo rí ìdílé yàrá kẹta, mo rí télọ̀ yàrá kọkànlá, mo rí ìyá ẹlẹ́pà tó ń sùn sí yàrá ìgbẹ̀yìn, gbogbo wọn ń bọ̀, àwọn kan láti ilé mìíràn náà tẹ̀ lé wọn. Sùrájù ń na apá méjèèjì, "Ẹ dúró! Ibo lẹ̀ ń lọ?" Àlájì ní, "Fi wọ́n sílẹ̀," wọ́n padà sídìí àwòrán wọn, wọ́n dúró ṣánṣán.

Kíkà bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kà á, torí àwọn àgbà kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ òyìnbó tí wọ́n lè fi yí àwọn. Mísìsì Ògúntádé ń fọwọ́ kan èjìká kọ̀ọ̀kan, gbogbo pápá ń gbè é. Oòrùn ti mú ìyá arúgbó tó sọ bàtà nù, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n ní kó lọ jókòó. "Ẹ kọ́kọ́ kà mí ná!" ló fi dá wọn lóhùn.

Ti Àlájì parí sí méjìlélọ́gọ́jọ. Ó kan ìlà tiwa. Ọgọ́rùn-ún. Ogóje. Mò ń fi ìka bá a kà á. Ọgọ́jọ. Ọ̀kànlélọ́gọ́jọ. Méjìlélọ́gọ́jọ. Nígbà tí ọwọ́ Mísìsì Ògúntádé bà lé ẹni tó tẹ̀ lé e, a ò gbọ́ nọ́ńbà náà mọ́, ariwo ti gbé e mì. Mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án la jẹ́ nígbà tó kà wá tán. Àbáyọ̀mí ti sún sẹ́yìn fún gbogbo wa, òun ló ṣe ìkẹyìn.

Ó wá bá ìyàwó rẹ̀. "Gbémi, ẹ̀rù ló bà mí. Má bínú."

"Mo bínú," ni Gbémisọ́lá wí. "Mo ṣì máa bínú fún ọjọ́ díẹ̀. Gbé báàgì mi dání, ká máa lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀."

Ibùdó ìbò mẹ́sàn-án ló wà ní wọ́ọ̀dù wa. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìbò mọ́kàndínlógún ni Gbémisọ́lá fi borí. Mọ́kàndínlógún! Àwa tá a sọdá ní pápá ju ogún lọ. Ká ní a dúró síbi tí ẹ̀rù to wá sí, Àlájì ni ìbá wọlé.

A gbé e sókè. A gbé e kọjá afárá, a gbé e wọ Ṣómólú. Àwọn onítẹ̀wé tí wọn ò ṣílẹ̀kùn láti àárọ̀ ṣí i, wọ́n kó àpò bébà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé jáde, wọ́n ń dà á lé wa lórí láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, funfun, pupa, àwọ̀ ewé. Àwọn kan ń lu páànù, àwọn kan ń lu riìmù táyà. Ẹnìkan sọ pé ká gbé e dé Fádèyí. A gbé e dé Fádèyí! Nígbà tá a máa fi padà sí Bàríga, Gbémisọ́lá ò lè sọ̀rọ̀ sókè mọ́, èmi náà ò mọ ibi tí gèlè mi wà.

Àlájì jókòó síwájú ilé. Bá a ṣe rí wọn, orin kú lẹ́nu wa. Gbémisọ́lá sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Àlájì dìde, wọ́n fa àga wọn fún un.

"Ẹ jókòó, Kánsẹ́lọ̀. Tíráńsífọ́mà àdúgbò yìí ti bàjẹ́ láti oṣù kẹsàn-án. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ tí Àlájì fi "ẹ" bá ayálégbé wọn sọ̀rọ̀. Gbémisọ́lá gbọ́ ọ náà. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó rọra jókòó sí etí àga. Kó tó dáhùn, télọ̀ yàrá kọkànlá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn, ìyá ẹlẹ́pà ń ké pé ọ̀rọ̀ ọjà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, àwọn ará ojúlé kejì ń ti ara wọn bọ̀ láti òdìkejì títì, kálukú ní tirẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹ fara balẹ̀!" ni Gbémisọ́lá ń wí, pẹ̀lú ohùn tó ti há, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Àlájì lóhùn!"