Abala Wíwọ́ Méjì

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí Wàsílátù kó iṣẹ́ àṣekágbá oyè ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ ní yunifásítì ní Ìkòròdú, Dókítà Ọláníyọnu, olùkọ́ tó ń bójú tó o, sì kọ ìbéèrè kan sínú rẹ̀: “Ṣé lóòótọ́ ni?” Bí kò bá rí ìdáhùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gboyè, òun á máa wò wọ́n nínú fọ́tò.

Ohun tó kọ ni pé ríìngì yòówù, ìyẹn ètò nọ́ńbà yòówù, tí mọ́júù, ìyẹn àkójọ tí a fi nọ́ńbà rẹ̀ kọ́, bá ti wá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mọ́júù náà ṣeé pín sí ẹyọ tí kò ṣeé pín mọ́. Ẹni yòówù tó bá pín in, ẹyọ kan náà ni yóò bá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju ẹ̀bà lọ.

Ní Sátidé, ó lọ mú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Mùnírátù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀. Ó rojọ́ fún un.

“Ọ̀nà kan ò wọjà o,” ni Àǹtí wí.

“Ọjà tiwa yàtọ̀, Àǹtí. Ọ̀nà kan péré ló wọ̀ ọ́.”

 Àǹtí tẹ́ aṣọ méjì tó dọ́gba. Ó gé ọ̀kan sí abala títọ́ méjì. Ó gé èkejì sí wíwọ́ méjì, bí a ti ń gé síkẹ́ẹ̀tì tó máa fẹ̀ nísàlẹ̀, orí ọ̀kan níbi ìdí èkejì kí aṣọ má baà ṣòfò.

“Pa wọ́n pọ̀, aṣọ kan náà ni. Mú wọn lẹ́yọ lẹ́yọ, èwo ló jọ èwo?”

Wàsílátù gbé wíwọ́ lé títọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò bára mu.

“Tí a bá tún wọn gé ńkọ́, Àǹtí?”

“Àkísà nìyẹn, kì í ṣe síkẹ́ẹ̀tì mọ́.”

Inú kọ́kọ́ bí i. Ó ti fi odindi ọdún gbèjà irọ́! Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbà á lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n aṣọ kì í ṣe ẹ̀rí. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ló fi wá ríìngì kiri, títí ó fi rí ọ̀kan tí ẹyọ méjì tó dà bí abala wíwọ́ Àǹtí ti bá títọ́ méjì dọ́gba tí a bá pa wọ́n pọ̀, tí wíwọ́ kan ò sì bá títọ́ kan dọ́gba. Ó pa ojú-ìwé mọ́kànlá rẹ́, ó sì kọ ohun tó rí sípò wọn.

Ní Mọ́ńdè, Dókítà kà á tán, ó buwọ́ lù ú.

“Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣòótọ́. Mo fẹ́ kó o fúnra ẹ rí i ni.”

Wàsílátù ò mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ tàbí kóun bú u. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bú u díẹ̀ nínú.