Ọ̀dú Tí Rọ̀kíbátù Sè Láti Ìsẹ́yìn

Oṣù méjì ni Rọ̀kíbátù dá nígbà tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ló ṣubú ní balùwẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́, kò sì lè dá gbé ṣíbí sẹ́nu mọ́. Àwọn ọmọkùnrin ìyá wà nílé, ṣùgbọ́n ìyá ò gbà kí ọmọkùnrin wẹ òun. Ni Sàlísù, ọkọ Rọ̀kíbátù, bá sìn ín dé ibùdókọ̀, ó bá a di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ní kó bá òun kí ìyá, kó sì tètè máa bọ̀. Oṣù méjì di márùn-ún, márùn-ún di ọdún kan. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí Sàlísù ti ń dá gbé inú yàrá méjì tí àwọn méjèèjì gbà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar, ní New Bell, ní ìlú Douala ní Kamẹrúùnù. Fùwàd, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti bá iṣẹ́ lọ sí Garoua ní àríwá, ọdún sí ọdún ló ń wálé.

Wẹ́dà ni Sàlísù. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Yassa, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ ilé tuntun lójoojúmọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàlélógún tó ti wà ní Douala, kò sì ṣe ọ̀lẹ rí. Kì í ṣe pé kò lè dáná. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ìyàwó rẹ̀ lọ, ó gbé ìkòkò kaná, ó da epo sí i. Bí epo ṣe ń ta sánsán, ó yíjú sẹ́yìn láti sọ fún Rọ̀kíbátù pé kó ṣí fèrèsé. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó pa gáàsì, ó bo ìkòkò náà, kò sì padà sí ìdí iná mọ́.

Láti ìgbà náà, búrẹ́dì ló ń jẹ. Lárọ̀ọ́, búrẹ́dì àti tíì onímílíìkì lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tíì lẹ́bàá títì. Lọ́sàn-án, sìpàgẹ́tì àti ẹyin dídín. Nírọ̀lẹ́, búrẹ́dì àti sadíìnì. Tí ó bá rẹ̀ ẹ́ jù, a fi sadíìnì sílẹ̀, a jẹ búrẹ́dì nìkan.

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó ń fi orín fọ ẹnu kó tó kírun òwúrọ̀, ó tutọ́, itọ́ pupa. Ó rò pé orín ló gún òun. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ẹran ìdí eyín rẹ̀ wú, ó rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. Lẹ́yìn èyí ni iná ta láti ojú irin, ó jó o lọ́rùn ẹsẹ̀. Egbò kékeré ni, irú èyí tí wẹ́dà kì í kà sí, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò jiná. Bí irin bá sì kàn án díẹ̀, ara rẹ̀ a dúdú bí ẹni tí wọ́n nà. Tí ó bá gun àkàbà lẹ́ẹ̀mejì, a jókòó.

Adéoyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta pákó ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, sọ fún un pé àìníyàwó ló ń ṣe é. Ó ní ẹ̀sìn fi àyè gbà á, kó fẹ́ ẹnìkan tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Sàlísù kàn gbé irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù títí Adéoyè fi lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ra oògùn aláràbarà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó gbé e mì, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Inú rírun yìí ló gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní New Bell. Nọ́ọ̀sì tó gbà á ni Husnah, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Douala. Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Bí ọ̀rọ̀ bá ti há, Faransé ni yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Sàlísù láti wò ó bóyá àtọ̀gbẹ ni kò jẹ́ kí egbò jiná. Àtọ̀gbẹ kọ́. Dókítà wo ẹnu rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọ̀wé, ó sì ní kí Husnah bá a sọ̀rọ̀ ní èdè wọn.

Husnah bi í ní ohun tó jẹ lánàá. Ó ní búrẹ́dì. Ó bi í ní ti ìjẹta. Búrẹ́dì náà ni. Ó bi í ìgbà tó jẹ èso gbẹ̀yìn, ọsàn, ìbẹ́pẹ, gúáfà, ohunkóhun. Sàlísù ronú títí. Rọ̀kíbátù ló máa ń bó ọsàn, tí yóò gé e lórí, tí yóò sì gbé e sí i lọ́wọ́. Kò rántí pé òun fúnra òun ra ọsàn rí láyé òun.

“Màmá ilé ńkọ́?” Husnah bi í.

“Wọ́n rin ìrìn-àjò.”

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wò ó. “Àárò wọn ń sọ yín,” ó ní. Ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀ geere, kò tiro rárá, àfi bí ẹni pé ìyá àgbà kan ló fi kọ́ ọ.

Ó wá ṣàlàyé fún un. Ó ní fítámì C ni kò sí lára rẹ̀ mọ́, ara kì í sì í lè ṣe é fúnra rẹ̀. Inú èso àti ewé tútù ló wà, bí kò bá sì sí, ẹran ìdí eyín á máa ṣẹ̀jẹ̀, egbò ò ní í pa ẹnu dé. Ó ní oògùn tí dókítà kọ yóò ràn án lọ́wọ́ fún oṣù kan, àmọ́ oògùn kò lè máa gba ipò oúnjẹ títí ayé. Ìgbẹ́ tí Sàlísù sọ pé ó ń le koko fún òun náà, ẹ̀wà, ewé àti èso ni kó fi tọ́jú rẹ̀, kó sì máa mu kosam, wàrà kíkan tí àwọn Fúlàní ń tà, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín tí wọ́n ń ṣe inú lóore wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé orí ohun kan tó wà nínú èso àti ewé, tí kì í jẹ́ kí ara tètè gbó, ọ̀rọ̀ há a. Ó wo ọwọ́ Sàlísù tí iná ti jó káàkiri.

“Bàbá, ẹ̀yin mọ irin. Tí ẹ ò bá kùn ún, kí ní ń ṣe é?”

“Ó ń dípẹtà.”

“Ara náà ń dípẹtà. Èso àti ewé, àwọn ló dà bí ọ̀dà tí ẹ ń kùn sí i. Kì í ṣe pé irin ò ní gbó o. Ṣùgbọ́n kò ní yá tó bẹ́ẹ̀.”

Sàlísù dúpẹ́, ó gba oògùn, ó ra ọsàn mẹ́rin lọ́nà. Kò sọ ohunkóhun fún ìyàwó rẹ̀. Ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù, Sàlísù a sì máa sọ pé òun wà dáadáa, òun ń jẹun, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹnu tó wú kò lè pe ọ̀rọ̀ já gaara. Rọ̀kíbátù gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pè é, ó ní kó tan kámẹ́rà. Ó ní kó rẹ́rìn-ín. Sàlísù pa ẹnu dé rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ya ẹnu, Bàbá Fùwàd.”

Ó yà á. Rọ̀kíbátù gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀.

“Kí lẹ ti ń jẹ?”

“Búrẹ́dì.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí o ti lọ.”

Ó rí i tí Rọ̀kíbátù fa etí ìborùn rẹ̀ wá sójú. Àwòrán náà gbọ̀n, ó sì kú. Nígbà tó tún pè, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní lọ́jọ́ Sunday kó lọ sọ́jà kí oòrùn tó mú, kó ra ewé, kó sì pe òun tó bá délé.

Ewé tí Sàlísù rà ni èyí tí àwọn ará Kamẹrúùnù ń pè ní njama-njama. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè é fún ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà sì dá a dúró.

“Ọ̀dú kì í ṣàìmọ̀ fún olóko,” ó ní. “Ọ̀dú ni. Ẹ má sọ ọ́ lórúkọ mìíràn fún mi.”

Sàlísù gbé fóònù ti ìgò epo, ó sì ṣe bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wí. Ó fọ ewé kó tó gé e, nítorí Rọ̀kíbátù ní bí a bá gé e tán kí a tó fọ̀ ọ́, omi ni yóò jẹ oore inú rẹ̀. Ó fẹ́ yọ́ epo títí yóò fi funfun bó ṣe rí i tí àwọn kan ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kígbe mọ́ ọn pé kó sọ iná kalẹ̀, pé pípupa tí epo yẹn pupa ló ń ṣe ojú àti awọ ara lóore, pé òun ò sì fẹ́ kó jó o dànù. Husnah náà ti sọ fún un pé ewé kò gbọdọ̀ ṣàìní epo díẹ̀, torí àwọn fítámì kan wà tí ara kò lè gbà àfi bí ọ̀rá bá gbé wọn wọlé. Ó fi àlùbọ́sà sí i, ata, irú tó rà lọ́wọ́ àwọn Haúsá, àti ẹja gbígbẹ. Ewé ló kù sẹ́yìn. Rọ̀kíbátù ní kó rò ó lẹ́ẹ̀mẹta péré, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, òun náà wà nídìí iná ní Ìsẹ́yìn, ó ń se ọ̀dú kan náà fún ìyá rẹ̀, èyí tí yóò gún kó kúnná kó tó fún un. Sàlísù ń gbọ́ ìró ọmọ ọlọ, ó ń gbọ́ ìgbe adìẹ, ó ń gbọ́ ẹnìkan tó ń kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, ó tẹ ẹ̀bà, ó bu òkèlè.

“Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó pọ̀.”

Rọ̀kíbátù bú sẹ́rìn-ín. Sàlísù gbé òkèlè náà mì, ó sì bu òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ Sunday sí Sunday. Ó kọ́ ẹ̀wà, ó kọ́ ewúro, ó kọ́ bí a ṣe ń rẹ àgbàdo kó kan kó tó di ògì. Ògì àkọ́kọ́ hu ewú, ó dà á nù. Èkejì dára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ dá lẹ́nu rẹ̀. Kí oṣù kejì tó parí, egbò ọrùn ẹsẹ̀ ti di àpá. Ó lọ fi han Husnah. Ọmọbìnrin náà bi í pé ewé wo ló ń jẹ, Sàlísù sì ní ọ̀dú ni. Husnah kò mọ orúkọ náà. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kan. Ó ní ìyá òun máa ń pè é ní nǹkan kan báyìí nígbà tí òun wà ní kékeré, òun ò sì lè rántí.

Ṣùgbọ́n bí ara ṣe ń yá Sàlísù, bẹ́ẹ̀ ni àárò náà ń le sí i. Nígbà tí ara rẹ̀ kò dá, oorun ló ń gbé e lọ. Nísinsìnyí tí agbára padà, ojú rẹ̀ là sí gbogbo rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó tutù, aṣọ àdìrẹ kan tó rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìjókòó kejì. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá ti ń dìde jókòó, ó ti ń fi ọwọ́ òsì di ṣíbí mú. Sàlísù rò pé ìgbà ti tó. Ohun kan sì wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: bó bá ń ṣàdúà lẹ́yìn ìrun, a máa dárúkọ gbogbo èèyàn, a sì máa fo orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ló gba Rọ̀kíbátù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó pe Rọ̀kíbátù lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti ṣọ́ọ̀bù.

“Mo fẹ́ kí o máa bọ̀,” ó ní. “Mi ò ní í sọ pé kò sí wàhálà mọ́. Wàhálà wà.”

Rọ̀kíbátù mí kanlẹ̀. “Èmi náà fẹ́ wá. Ojoojúmọ́ ni mo ń wá lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni Màmá ń gbé oúnjẹ mì, mo ní láti dúró kí n tó fi òmíràn sí i. Bí ẹnìkan bá fi ìwàǹwara fún wọn, yóò há wọn lọ́fun. Ta ni mo fẹ́ fi wọ́n lé lọ́wọ́?”

Sàlísù ní òun ti gbọ́. Ó pa fóònù, kò sì pè fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ jókòó sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tíì, wọ́n gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀. Ó wò ó títí tíì fi tutù. Ó dìde, ó gba ọjà lọ.

Ní Sunday, ó se ẹ̀wà, ó da epo díẹ̀ sí i, ó gé ìbẹ́pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jẹun tán kó tó pè. Rọ̀kíbátù gbé e, kò bi í léèrè ìdí tí kò fi pè. Ó ní kó dúró, ẹnìkan fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ìró aṣọ ni Sàlísù kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà èémí wúwo kan. Láti ọjọ́ tí ìyá ti ṣubú, kò tíì bá a sọ ọ̀rọ̀ kan rí.

“Sà-lí-sù,” ìyá pè é. Ahọ́n rẹ̀ ń wọ́ ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ bí ẹni ń fa ẹrù wíwúwo. “Ṣé... o ti... jẹun?”

Sàlísù fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

“Mo ti jẹun, Màmá,” ó ní. “Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

Ìyá kò lè dáhùn mọ́; ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Rọ̀kíbátù gba fóònù padà, ó ní látàárọ̀ ni Màmá ti ń fi ìbéèrè yẹn dánra wò. Ó ní kò dájú pé òun yóò lè wá kí Ràmàdánì tó wọlé. Sàlísù ní ó dáa, kó máa tọ́jú wọn. Wọn kò pa fóònù. Rọ̀kíbátù ń fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ, Sàlísù ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan àwo, tí yóò dákẹ́, tí wọn yóò dúró kí ìyá gbé e mì, tí ṣíbí yóò sì tún kan àwo.