Ẹfun Orí Ìlà

Rhoda Bámigbóyè kúnlẹ̀ láàárín pápá tẹ́níìsì, ìdí rẹ̀ yọ sókè bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọn agolo mílíìkì. Wọ́n ti fi ìṣó lu ihò sí ìdí agolo náà. Ẹfun lẹ́búlẹ́bú ń kù jáde níbẹ̀ bí èlùbọ́ lójú asẹ́, ó ń tò sórí ilẹ̀ pupa ní ìlà kan tó gún régé.

"Mà, ẹ dìde jàre," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé, ọ̀gá ilé-ìwé náà, wí. "Ẹ̀yin la fẹ́ fi orúkọ yín sọ pápá lónìí, ẹ tún wá ń rákò lórí rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n rákò. Ìlà tí ẹ fà wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Ẹ ṣáà má dúró sẹ́yìn mi. Ìdí tó ń sáré gba ife-ẹ̀yẹ níjọ́un, bẹ́ǹṣì méjì ló ń gbà báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín, eékún rẹ̀ sì dún kọ̀ bí igi gbígbẹ. Orí ẹ̀rín yẹn ni ó wà tí ọ̀gá ilé-ìwé fi fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

"A ti ránṣẹ́ sí Ṣàrẹ́, mà. Àlhájà Hàjàrá, tí ẹ nà lọ́jọ́ tí ẹ gba ife àkọ́kọ́, ni yóò sọ̀rọ̀ nípa yín. Wọn ò ní pẹ́ẹ́ dé."

Ọwọ́ Rhoda dúró. Ẹfun dà sójú kan gegele.

Ìyá rẹ̀ kò fìgbà kan mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tẹ́níìsì. Bí wọ́n bá bi í léèrè, a ní, "Eṣinṣin ni ọmọ mi ń pa jẹun." Eṣinṣin yẹn gbé Rhoda kúrò ní Òmù-Àrán lọ sí Èkó, ó gbé e dé Kàdúná, ó gbé e dé Akíra ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí ìwé ìròyìn ti ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ láìya ojú rẹ̀. Ife méje ló gbà wálé. Ọ̀kan ló fi ń wọn gàrí, ọ̀kan ló ń kó bọ́tìnnì sí. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rí rí: ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ògbólógbòó ìró, ó dojú dé.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni ó gba ife yẹn. Wọ́n ń wá ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí yóò lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ tuntun náà l'Ékòó. Àwọn méjì ló kù, Rhoda àti Hàjàrá, orí ilẹ̀ yìí gan-an sì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe jọ ń mu máńgòrò lábẹ́ igi, Hàjàrá sọ fún un pé, "Bàbá mi ní bí mo bá borí, n ó lọ. Bí n kò bá borí, ilé Salaudeen ló kàn mí." Rhoda gbọ́ ọ. Kò lè sọ láéláé pé òun kò gbọ́.

Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń pè é, bóyá ó wọlé ni tàbí ó jáde; bí wọ́n ti ń gbá a nìyẹn. Èyí tó bá kan ìlà, ó wọlé ni. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn wá láti ọwọ́ Hàjàrá, ó balẹ̀ lórí ìlà, ẹfun sì sọ bí èéfín. Bí ó bá wọlé, ọ̀mì ni, wọn yóò tún máa gbá a lọ. Bí ó bá jáde, Rhoda ti borí. Oòrùn wà lójú Ọ̀gbẹ́ni Ambrose tó jẹ́ adájọ́.

"Rhoda, ṣé ó jáde?"

Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpá ẹfun wà lára rẹ̀ roboto bí owó sísì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

"Ó jáde, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose kò bèèrè bọ́ọ̀lù wò. "Ọmọ Tíṣà kì í purọ́," ni ó wí, nítorí tíṣà ìjọ ni bàbá Rhoda.

Bóyá ì bá borí náà bí wọ́n bá ń gbá a lọ. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́ jù. Nínú gbogbo ife méjèèje, kò mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Rhoda ka ọdún náà lórí ìka, ó pé ogún géérégé. Àwọn àgbà wọ̀nyí, ṣé dandan ni kí wọ́n mọ ìṣírò tó báyìí ni?

"Rhoda eléegun ẹ̀fọn! Ta ló fẹ́ ọ bí táyà báyìí?"

Hàjàrá ló ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò kan lẹ́bàá pápá yẹn, nínú ìborùn dúdú, ó gbòòrò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́, Àlhájà, tó o jọ àpò ìrẹsì méjì tí wọ́n rán pọ̀?"

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n mira wọn jìgìjìgì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, Rhoda fà á lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Hàjàrá. Bọ́ọ̀lù ọjọ́un, èyí tó kẹ́yìn."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Kò jáde."

Hàjàrá mú ọwọ́ ọ̀tún Rhoda, ó ṣí i, ó wo ẹfun tó kún inú rẹ̀.

"Nígbà tí a bọwọ́ lórí àwọ̀n lọ́jọ́ náà," ni ó wí, "ẹfun kù sí mi lọ́wọ́. Èmi kò fọwọ́ kan ìlà, n kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yẹn mọ́. Mo di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn títí mo fi dé Ṣàrẹ́, mo fẹ́ fi han bàbá mi. Nígbà tí mo ṣí ọwọ́ níwájú wọn, òógùn nìkan ló kù níbẹ̀."

"O mọ̀! Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Fún ta ni? Ọmọ Tíṣà kì í purọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn Rhoda jù. Ó wá ẹ̀rín tí ó máa ń fi bo nǹkan, kò rí i.

"Dárí jì mí."

"Mo bí ọmọ mẹ́fà fún Salaudeen," ni Hàjàrá wí. "Mo fẹ́ràn wọn. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ orúkọ Èkó nínú rédíò, ọwọ́ yìí a máa yún mi."

Ọ̀gá ilé-ìwé ń pè wọ́n. Àwọn èèyàn ti jókòó, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hu ṣíọ́nṣíọ́n.

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?" ni Rhoda bèèrè.

"Èmi kẹ̀?" Hàjàrá gbọn ìborùn rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ìwọ ni kó o pè é."

Ó lọ jókòó ní iwájú pátápátá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Rhoda dúró nídìí ẹ̀rọ, ó wò ó. Lórí aṣọ dúdú yẹn, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún Hàjàrá ṣí sílẹ̀, ó funfun fún ẹfun tí òun Rhoda tún ti fi sí i láìmọ̀. Ogún ọdún ni Rhoda ti fi rò pé òun nu àpá yẹn kúrò. Kò nù ún rárá. Ó kàn gbé e fún ẹlòmíràn dì mú ni.

Kò kí ọba. Kò kí ìjòyè.

"Ó wọlé," ni ó wí.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe bí ẹ̀rọ ló ń dán wò. Rhoda dúró títí ẹ̀rín náà fi tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí máńgòrò àárọ̀ ọjọ́un.